Ọ̀rẹ́ tí mo bá pàdé ní Aksaray: ṣé ọ̀rẹ́ ni, àbí àárò ilé ni?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó àti aṣọ ọmọdé ni mò ń tà, Istanbul ni mo ti ń rà á. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, àwọn tó ń rán aṣọ mi fi mí sórí ìdúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kí owó má bàa tán lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo kó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo lọ gba bẹ́ẹ̀dì kan nínú ilé èrò ní Aksaray, àdúgbò kan ní Istanbul níbẹ̀. Obìnrin ará Jọ́jíà kan, ẹni ọdún 61, ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, bàbá tó ń tọ́jú ló kú. A ò gbọ́ èdè ara wa, fóònù ló ń bá wa túmọ̀. Màmá ni mò ń pè é, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìdí. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ó fi ọtí kíkan rin ìbọ̀sẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, kò sùn mọ́jú. Òun ni mo sọ̀rọ̀ ọmọ mi tó kú ní 2011 fún. Ó bi mí lórúkọ ọmọ náà, ó sì ń pè é, mo sì sunkún. Ní báyìí tí mo ti dé ilé, ó ń fi fídíò pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọkọ mi ní mo lọ tú àṣírí ilé fún àjèjì, pé Jọ́jíà tí òun mọ̀, Amẹ́ríkà ló wà, irọ́ ni obìnrin náà ń pa. Àbúrò mi rí ohun tó dì fún mi, ó gùn bí àbẹ́là, òwú wà nínú rẹ̀, ó ní oògùn ni, ó sọ ọ́ sí ààtàn. Lóṣù tó kọjá, obìnrin náà ní kí n yá òun ní 200 dọ́là. Mo tún ń padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé ọ̀rẹ́ mi ni, àbí ìdánìkanwà ló tàn mí jẹ?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Ọ̀rọ̀ 200 dọ́là wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló ń dùn yín jù. Ohun tó ń dùn yín ni pé ẹ fẹ́ràn obìnrin yìí, àwọn tó fẹ́ràn yín nílé sì ń sọ pé kò yẹ kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ wá ń bẹ̀rù pé bóyá àárò ilé ló bò yín lójú tí ẹ fi rí ọ̀rẹ́ níbi tí kò sí. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń mú àwọn oníṣòwò wa káàkiri Laleli, Osmanbey àti Merter, àwọn àdúgbò ọjà aṣọ níbí ní Istanbul, tí mò ń bá wọn túmọ̀ èdè, tí mò ń bá wọn dúró ti kágò. Mo ti rí irú ọ̀rẹ́ báyìí tó yọrí sí rere, mo ti rí èyí tó bàjẹ́, èmi fúnra mi sì ti ní irú rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ mú ohun tí kò le kúrò lọ́nà. Jọ́jíà méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí Atlanta wà, òun lọkọ yín mọ̀. Èkejì jẹ́ orílẹ̀-èdè tó dá dúró, Tbilisi ni olú-ìlú rẹ̀, ó bá Tọ́kì pààlà ní ìhà ìlà-oòrùn, létí Òkun Dúdú. Abẹ́ Soviet Union ló wà títí di 1991. Ọmọ ibẹ̀ lè wọ Tọ́kì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ nínú 180. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn fi ń gbéra ní Aksaray níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí wọn púpọ̀ ládùúgbò yẹn. Obìnrin náà kò parọ́ ìlú rẹ̀ fún yín. Ẹ̀rín tó sì ń rín bí ẹ bá pè é ní Màmá, kò sí ohun burúkú nínú rẹ̀. Lédè wọn, "mama" ni wọ́n ń pe bàbá, "deda" ni wọ́n ń pe ìyá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ fi ń pe é ní bàbá, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀, torí ó mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn.

Ti ohun tí àbúrò yín jù nù dùn mí. Churchkhela lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á sín èso kan tó fara jọ asálà tiwa sórí òwú bí ẹní ń sín ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á rì í sínú omi èso àjàrà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun rò títí tó fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fi kọ́ sínú afẹ́fẹ́, wọ́n á tún rì í, títí yóò fi sanra tó. Bó bá gbẹ tán, ó jọ àbẹ́là lóòótọ́, ó tún máa ń hu nǹkan funfun lára bí ẹfun, ṣúgà èso ni. Oúnjẹ ọ̀nà ni. Kì í tètè bàjẹ́, ó sì ń gbé ara ró. Àwọn ará Tọ́kì náà ń ṣe irú rẹ̀, cevizli sucuk ni wọ́n ń pè é, ẹ ó rí i tó rọ̀ jọwọrọ ní Mısır Çarşısı, ọjà èròjà ọbẹ̀ tó wà ní Eminönü. Mi ò bá àbúrò yín wí o. Ẹni tó bá rí nǹkan olówùú nínú àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti òkè òkun dé, tí kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, ibi tí ọkàn rẹ̀ máa sáré lọ nìyẹn. Ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá di gààrí àti kúlíkúlí sápò ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, òun náà ni obìnrin yẹn ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ ohun tó gbé ẹni ọdún 61 dé ilé èrò. Irú iṣẹ́ tó ń ṣe, yatılı ni wọ́n ń pè é níbí: òṣìṣẹ́ á máa sùn nínú ilé ẹni tó ń tọ́jú. Wọ́n á fún un ní yàrá tóóró kan, ìsinmi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Àìkú lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ló ń wẹ arúgbó, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń jí lóru bó bá wúkọ́. Lọ́jọ́ tí arúgbó náà bá kú, iṣẹ́ bọ́, ilé bọ́, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ bọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ olóògbé á dé, wọ́n á máa ka ẹrù bàbá wọn. Kò sì sẹ́ni tó máa kí òṣìṣẹ́ náà kú ọ̀fọ̀, torí wọn ò kà á mọ́ ẹbí. Nígbà tí ẹ wọ yàrá yẹn pẹ̀lú báàgì yín, ẹni tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ń ṣọ̀fọ̀, kò sì rẹ́ni bá a sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ń ṣọ̀fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiyín ti pẹ́.

Ìlú náà sì ń kó ti ara rẹ̀ sí i. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 15 ló ń gbé Istanbul, ẹ sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe orúkọ yín. Ní Ìbàdàn, kí ẹ tó rìn dé ìdí ọkọ̀, ènìyàn mẹ́fà á ti kí yín, wọ́n á ti béèrè ọmọ, wọ́n á ti béèrè ọjà. Níbí, ọmọ ìsọ̀ kan á pè yín ní abla, ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn, á gbé tíì fún yín nínú ife kékeré tó há níbàdí, hóró ṣúgà méjì á wà létí àwo rẹ̀. Ó dùn mọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọjà ló ń tà. Bó bá wá di ọjọ́ Àìkú, Kapalıçarşı, ọjà ńlá alórùlé ìlú náà, tì pa, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ Laleli tì, ọmọ tó ń pè yín ní abla ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi tó máa ń sunkún, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń sunkún. Wọ́n á ní àwọn ò mọ ohun tó ń ṣe àwọn. Àwọn ará Tọ́kì ní ọ̀rọ̀ kan fún un, gurbet. Ìdálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdálẹ̀ tí àárò ti wọ̀ lára.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ kì í ṣe àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin alájàpá tí kò gbọ́ èdè ara wọn ló sọ Laleli di ohun tó jẹ́. Lẹ́yìn tí Soviet Union tú ká, wọ́n ń wọ́ wá láti Rọ́ṣíà, Ukraine, Moldova àti Jọ́jíà pẹ̀lú báàgì ńláńlá, wọ́n ń ra jákẹ́ẹ̀tì awọ àti aṣọ òtútù lọ tà nílé. Bavul ticareti, òwò àpótí, ni wọ́n ń pè é. Títí dòní, èdè Rọ́ṣíà ṣì wà lára pátákó ọ̀pọ̀ ìsọ̀. Àwa dé bá wọn níbẹ̀ ni. Ilé èrò Aksaray àti ti Kumkapı tó wà nítòsí rẹ̀ kún fún irú yàrá tí ẹ gbé yẹn, tí obìnrin méjì tàbí mẹ́rin tí kò mọra rí ń sùn sí, tí wọ́n jọ ń lo sítóòfù kan. Ibi tí wọ́n ti ń jọ lo sítóòfù, dandan ni kí ẹnì kan tọ́ ọbẹ̀ ẹnì kejì wò.

Ó yá, ìbéèrè yín. Ṣé ìdánìkanwà ló so yín pọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní parọ́ fún yín. Bí aṣọ yín bá jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ẹ ò bá má mọ̀ ọ́n láyé. Ṣùgbọ́n ebi ló ń gbé ènìyàn dé ìdí oúnjẹ, ìyẹn ò sọ oúnjẹ di ìtànjẹ. Ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Kansas, Jeffrey Hall, wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní 2018 lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú tuntun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó rí i pé ó ń gbà tó wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ṣákálá, tó 90 kó tó di ọ̀rẹ́, ó sì ń lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ara àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti wádìí, mi ò fi í ṣe òfin fún àwa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. Wákàtí mẹ́rin lálaalẹ́ fún ọjọ́ 35 jẹ́ 140. Ẹ fi ọjọ́ Àìkú márùn-ún kún un, tí ẹ jọ wà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ti ń kan ilẹ̀kùn 200. Ta ni ẹ ti bá jókòó tó bẹ́ẹ̀ nílé lọ́dún yìí, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, tí kì í ṣe ìpàdé ẹbí?

Àkókò nìkan ò tó, ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà náà ń jọ lo àkókò. Ohun tí èmi máa ń wò ni ìwà tí ẹni náà hù nígbà tí èrè kankan ò sí nídìí rẹ̀. Lóru ọjọ́ tí ibà mú yín, ẹ ò ní owó, ẹ ò ní ará níbẹ̀, ẹ ò tilẹ̀ lè dúpẹ́ lédè tó gbọ́. Obìnrin náà dìde, ó wá ọtí kíkan, ó rin ìbọ̀sẹ̀, ó fún un, ó wọ̀ ọ́ sí yín lẹ́sẹ̀. Mo mọ bí yàrá ṣe máa ń rùn lẹ́yìn ìyẹn, òórùn náà kì í lọ fún ọjọ́ méjì. Bí àwọn àgbà obìnrin ṣe ń tọ́jú ibà lágbègbè yìí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ lu ènìyàn ní jìbìtì kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ aláìsàn. Mo sọ pé kì í sábà, torí mo ti pẹ́ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi ọ̀rọ̀ ọmọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà lójú mi. Nílé wa, bí ọmọ bá kú, wọ́n á sáré sin ín, wọn ò ní jẹ́ kí ìyá mọ ojú oórì. Àwọn àgbà á wọlé, wọ́n á ní omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ obìnrin dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà a tún máa ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọmọ náà mọ́, kí ìyá má bàa sunkún. Ìyá náà ò dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má bàa ní kò gba kámú. Báyìí lẹ ṣe gbé e láti 2011. Ní Jọ́jíà, bí wọ́n ti ń ṣe tiwọn yàtọ̀. Lásìkò Àjíǹde, wọ́n máa ń lọ síbi ibojì àwọn èèyàn wọn pẹ̀lú ẹyin tí wọ́n pa láró pupa, wọ́n á yí ẹyin náà lórí ibojì, wọ́n á ta wáìnì sílẹ̀ fún òkú, wọ́n á jẹun níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì jókòó jẹun pẹ̀lú àlejò, wọ́n máa ń gbé ife kan sókè fún àwọn tó ti lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ sọ fún un pé ẹ sin ọmọ, kò mọ̀ pé òwe kan wà tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ó ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé rẹ̀: ó béèrè orúkọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnikẹ́ni ò ti pe orúkọ yẹn létí yín. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹ sunkún, kò sì yà mí lẹ́nu pé ẹ fẹ́ràn ẹni tó pè é. Ọmọ Jámánì kan, Georg Simmel, ti kọ ọ́ ní 1908 pé àjèjì ni a sábà máa ń tú inú wa fún, ohun tí a ń fi pa mọ́ fún àwọn tó sún mọ́ wa jù. Àjèjì ò sí nínú ìjà ilé. Kò mọ ìyá ọkọ, kò ní fi gún yín lára lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le.

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tún ọ̀rọ̀ ọkọ yín gbọ́ lọ́nà mìíràn. Ó ní ẹ tú àṣírí ilé. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń ṣe é nìyẹn lóòótọ́, èmi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tirẹ̀ náà ni. Òun náà ni wọ́n sọ fún pé agbè ò fọ́, òun náà ni wọ́n ní kó ṣe ọkùnrin. Ó wá gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ìyàwó òun ti rí ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà, ní ìlú òkèèrè, fún obìnrin tí òun ò mọ̀, òun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọdún yìí wá ò gbọ́ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn ló ń jó o lára, àlàyé lórí Jọ́jíà ò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ obìnrin náà mọ́, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní alẹ́ ọjọ́ tí obìnrin náà bá pè, ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín kó kí i. Ojú tí ènìyàn bá ti rí, ìbẹ̀rù rẹ̀ máa ń dín kù. Bó bá rí i tán tó ṣì ní ọkàn òun ò balẹ̀, ẹ bi í ní ohun tó rí, ẹ má kàn fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ìyá mi ṣòwò ní Tamale kí wọ́n tó bí mi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọn ò tíì gbà sílẹ̀. Obìnrin Dagomba kan tí ìsọ̀ wọn kojú síra, tí wọ́n jọ máa ń fi Hausa tí kò délẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀, ló kó àpótí aṣọ ìyá mi sínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, awakọ̀ kan gbé àpótí náà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ pé, káńfọ̀ wà láàárín wọn. Ìyá mi ò tún rí obìnrin náà mọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí a bú ará Ghana níwájú òun. Mo mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn fi ẹrù wọn síbẹ̀ tí wọn ò rí i gbà mọ́. Ìtàn méjèèjì ni mo gbọ́ dàgbà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ fún yín pé gbogbo àjèjì ló dáa, tí mi ò sì lè sọ pé kí ẹ sá fún wọn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ní ọdún kejì tí mo dé ìlú yìí, mo ka 2,400 dọ́là sọ́wọ́ ọmọ ìlú mi kan tó ní òun ń ṣe kágò. Èdè kan náà la jọ ń sọ, ó mọ agbo ilé bàbá mi, ó tilẹ̀ máa ń fi oríkì kí mi. Ẹrù ò dé, kò gbé fóònù mi mọ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé èdè kì í ṣe onídùúró. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ní ẹni tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀ ló yẹ ká máa sá fún. Ti 200 dọ́là yìí, ẹ kọ́kọ́ bi í ní pàtó ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń wá irú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń sanwó fún àwọn tó ń báni wáṣẹ́, ó sì tún ń sanwó bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, nítorí náà ohun tó bá sọ lè jẹ́ òótọ́ pátápátá. Bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó, ẹ má fọwọ́ kan owó ọjà. Ẹ má yá a lówó tí ẹ ó máa ṣọ́, torí gbèsè láàárín ẹni méjì tí òkun pín níyà máa ń pa ọ̀rẹ́ kí ó tó pa owó: ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ti òun láti pè yín, ẹ̀yin á rò pé ó ń sá. Bí mo bá wà nípò yín, màá wo iye tí mo lè fún un pátápátá, bí ó jẹ́ 50, kí n fún un, kí n sì sọ fún un pé ẹ̀bùn ni. Kí ọkọ yín mọ̀ kí owó tó lọ. Bí ẹ ò bá sì ní, ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní. Ìyẹn gan-an á là yín lójú. Bó bá ṣì ń pè yín lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti béèrè ara, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀bùn náà ò tíì tutù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìtàn mìíràn tó wúwo ju ti ìṣáájú lọ fi dé, ẹ fi ìfẹ́ dúró síbẹ̀, ẹ má fi kún un.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní wo ojú ọ̀rẹ́ kí n tó sọ. Àpò tí ẹ ò fọwọ́ ara yín dì, ẹ má gbé e wọ bàálù, ì báà jẹ́ òun ló fún yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ìwé ìrìnnà yín, kó má sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ẹlòmíràn, kó má gba inú àkáǹtì yín kọjá. Àwọn tó ṣe é tí wọ́n kó sí wàhálà lójú mi, kì í ṣe ọ̀tá ló bẹ̀ wọ́n.

Mi ò rí obìnrin yìí. Lẹ́tà yín nìkan ni mo rí, ẹ̀yin lẹ sì kọ ọ́, pẹ̀lú ìfẹ́. Àwọn tó ń fi ọjọ́ pípẹ́ múra jìbìtì sílẹ̀ wà, mi ò lè búra fún yín pé kò sí lára wọn. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, owó 200 yẹn nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù wò, ìyókù bá ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn obìnrin yìí mu. Ẹ tún múra ọkàn yín sílẹ̀ pé ó lè má pẹ́. Èmi àti ọmọ Uzbekistan kan gbé yàrá kan ní Kumkapı fún oṣù méje, a jọ ń jẹ nínú àwo kan. Nígbà tó padà sílé, ìpè ojoojúmọ́ di ti oṣooṣù, ó di ti ọdún tuntun, ní báyìí àwòrán òdòdó ló máa ń fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìbí mi. A ò jà. Ó ti ní ọmọ-ọmọ, èmi náà ní iṣẹ́. Nígbà kan mo rò pé ó já mi kulẹ̀, mo bínú fún ọdún kan gbáko, mi ò gbé fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún yẹn ṣì ń dùn mí.

Bí ẹ bá dé lóṣù tó ń bọ̀, ẹ wọ̀ sí ibi tí ẹ ti sanwó rẹ̀ fúnra yín, ẹ má lọ sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ó sùn, pàápàá bó bá ti rí iṣẹ́ yatılı mìíràn, torí ilé onílé ló wà. Ẹ bi í ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ pàdé ní ibùdókọ̀ Aksaray, ẹ wọ tram T1 lọ sí Eminönü, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Üsküdar ní òdìkejì omi, kò gbówó lórí, ẹ̀yin méjèèjì á rí ibi jókòó kojú omi. Ní ìpadàbọ̀, ẹ sọ fún un pé wọ́n ju ohun tó dì fún yín nù, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má fi pa mọ́ fún un, ó tó ọjọ́ orí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ òótọ́. Àwọn tó ń ta ti Tọ́kì wà nítòsí ibẹ̀ ní Mısır Çarşısı, ọjà náà máa ń ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kó yan méjì, ó mọ èyí tó dáa. Ẹ jẹ ọ̀kan níwájú rẹ̀, ẹ mú èkejì lọ fún àbúrò yín, kí ẹ sì sọ fún un pé kó kọ́kọ́ fa òwú yẹn yọ kó tó jẹ ẹ́.